Ẹtù kan, fóònù méjì, sẹ́ńsọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹjọ́ aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, kó tó di ẹjọ́ fóònù. Alhaja kan tó ń ta òfì ní Ìlọrin fi fọ́tò ẹtù ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní Ìbàdàn lórí WhatsApp. Ó wu obìnrin náà, ó sanwó, wọ́n di aṣọ sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e fún dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì. Aṣọ dé Ìbàdàn, ariwo dé Ìlọrin. Oníbàárà ní elésè-àlùkò lòun rí nínú fọ́tò, kí ló dé tó fi jẹ́ aró dúdú ni wọ́n dì wá fún òun? Ó ní òun ti ra gèlè àti bàtà tó bá elésè-àlùkò lọ, kí wọ́n dá owó òun padà, kí wọ́n wá gbé aṣọ wọn.

Alhaja ò parọ́. Aṣọ tó wà nínú fọ́tò náà ló wà nínú ọ̀rá. Mo mọ ilé wọn, láti ayé ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ti ń hun òfì níbẹ̀. Ẹtù, sányán, àlàárì, kò sí èyí tí Alhaja ò lè dá mọ̀ nínú òkùnkùn. Ẹni tó ya fọ́tò ni àbúrò ọkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin, tó tún ń bá a bójú tó ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. "Ọkọ mi" ni Alhaja ń pè é, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ ilé. Bí inú bá ń bí i, ó di "ọkọ mi akọ̀wé".

Akọ̀wé yìí ló gbé ọ̀rọ̀ fóònù dé. Òun àti Alhaja jọ ra fóònù lọ́jọ́ kan náà, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà lágbègbè Challenge, ní Ìlọrin níbí: Samsung Galaxy S7 tòkunbọ̀ méjì, dúdú méjèèjì, iye kan náà. Nígbà tí Ìbàdàn pariwo, ó gbé irú ẹtù yẹn kalẹ̀, Alhaja fi fóònù tirẹ̀ yà á, ó jáde bí aró. Akọ̀wé fi tirẹ̀ yà á, ó pọ́n, ó di elésè-àlùkò. Ó wá lọ wádìí, ó kà á pé oríṣi sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà méjì, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn lẹ́ǹsì, ló wà nínú S7, ti Sony àti ti Samsung fúnra rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó ti parí nìyẹn: oníṣọ́ọ̀bù ti fi gbàrọgùdù lé òun lọ́wọ́. Ó fẹ́ lọ dá fóònù padà, ó sì fẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù san owó aṣọ.

Alhaja ní kó dúró ná. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe, yìgì, ìsọmọlórúkọ, wòlímọ̀, mo sì ti ya òfì fún un rí. Ó ní, "Ìwọ lo mọ kámẹ́rà. Wò ó fún wa, kí ọkọ mi tó lọ bá àwọn ẹni ẹlẹ́ni fa wàhálà ní Challenge." Ohun tí a ṣe àti ohun tí a rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí, torí ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń bi mí nípa fóònù oríṣiríṣi: bí orúkọ fóònù bá jẹ́ ọ̀kan, tí sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan, ṣé fọ́tò lè dọ́gba?

Ohun tí ọmọ yẹn kà, òótọ́ ni. S7 dé ọjà ní oṣù kẹta ọdún 2016, sẹ́ńsọ̀ méjì ni wọ́n sì fi ṣe é: Sony IMX260 wà nínú àwọn kan, Samsung S5K2L1 wà nínú àwọn yòókù. Megapixel 12 ni méjèèjì, ìwọ̀n píksẹ́lì wọn, ìyẹn àwọn ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀, jẹ́ 1.4 micrometre, lẹ́ǹsì f/1.7 ló sì wà níwájú méjèèjì. S6 tó ṣáájú rẹ̀ ní 2015 náà rí bẹ́ẹ̀, ti Sony nínú àwọn kan, ti Samsung nínú àwọn mìíràn. Kò sí ohun kan lára páálí tàbí lẹ́yìn fóònù tó máa sọ fún ẹ èyí tó bọ́ sí ẹ lọ́wọ́.

Ibi tí mi ò ti bá a lọ ni pé ó gbà pé ẹ̀tàn ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta fóònù káàkiri ayé kì í fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo lòun ń wò fún ohun tó ṣe pàtàkì tó báyìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016 gan-an, tí S7 ṣì jẹ́ tuntun lórí àtẹ, ilẹ̀ mì tìtì ní Kumamoto ní ilẹ̀ Japan, ilé-iṣẹ́ tí Sony ti ń ṣe sẹ́ńsọ̀ níbẹ̀ sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹni tí kò ní orísun kejì lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọjà á dá lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí, Alhaja ló kọ́kọ́ yé. Òun náà kì í ra òwú lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí òwú pupa ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ bá tán, á ra ti ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, á gbé méjèèjì sínú oòrùn, á wò wọ́n, á sì mọ ibi tó máa fi èyí tó pọ́n jù sí, kí ẹni tó ń ra aṣọ má baà mọ̀ pé òwú méjì ni. Ohun tí àwọn tó ṣe fóònù ń ṣe pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ méjì náà nìyẹn.

Nítorí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ò mọ àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ lé e lórí ló ń kà, ó mọ púpọ̀, ó mọ díẹ̀, kò mọ pupa yàtọ̀ sí ewé. Wọ́n ní láti fi àsẹ́ aláwọ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín bo píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, kí èyí lè gba pupa nìkan, kí èyí gba àwọ̀ ewé, kí èyí gba búlúù. Bryce Bayer tó ń ṣiṣẹ́ ní Kodak ló gba ìwé àṣẹ ètò yìí ní 1976: nínú píksẹ́lì mẹ́rin, méjì fún ewé, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún búlúù. Ẹ̀rọ á wá ṣírò ohun tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ò rí láti ara àwọn aládùúgbò rẹ̀. Aró tí Sony fi ṣe àsẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe aró tí Samsung lò. Láti 2013 ni Samsung sì ti ń mọ ògiri sáàárín àwọn píksẹ́lì nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní ISOCELL, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan má baà jò sí èkejì. Ohun tó ń jáde láti inú sẹ́ńsọ̀ méjèèjì ní tútù, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kò dọ́gba rárá. Ẹ̀rọ tó ń ṣètò àwòrán nínú chip fóònù, ìyẹn ọpọlọ rẹ̀, ló máa ń mú wọn sún mọ́ra, àwọn tó ṣe fóònù sì gbọ́dọ̀ kọ ìlànà ọ̀tọ̀ fún sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, wàá lo fóònù rẹ títí tó fi máa kú, o ò ní mọ̀. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, bó ṣe máa ń rí lára àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú mìíràn, ọ̀rẹ́ méjì á ra ọ̀kan náà, ọ̀kan á máa dúpẹ́, èkejì á máa ṣépè.

Chip yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. S7 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ń lo Snapdragon 820. Exynos 8890 ló wà nínú èyí tí wọ́n tà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ yòókù. Tòkunbọ̀ ò sì mọ ilẹ̀, ibi gbogbo ló ti ń dé. Ká ní ọ̀kan wá láti Amẹ́ríkà, tí èkejì wá láti London ni, kì bá tọ́ kí ẹnikẹ́ni dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi láìtíì dá chip lẹ́bi. A ṣí Settings, a lọ sí About phone: SM-G930F ni méjèèjì, Exynos ni méjèèjì, Android 8 ni méjèèjì. Ó dára. Mo wá fi AIDA64, áàpù kan tó ń sọ ohun tó wà nínú fóònù, sórí wọn, mo ṣí abẹ́ ibi tó ti ń sọ ẹ̀yà ara fóònù. Ti Alhaja gbé IMX260 jáde. Ti akọ̀wé gbé S5K2L1 jáde.

Ojú ọmọ náà tàn. "Ẹ ti rí i báyìí, bùrọ̀dá! Sony ni wọ́n fún Alhaja, èmi ni wọ́n fún ní ìkejì." Mo ní kó rọra. Samsung ló ni fóònù, Samsung ló ṣe sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú tirẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi orúkọ dá ẹjọ́, tirẹ̀ ló jẹ́ ọmọ bíbí inú ilé. Ohun tí AIDA64 fi hàn wá ni pé ojúlówó S7 ni méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ayédèrú ti kúrò níbẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ fọ́tò.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn dojú kọ àríwá, oòrùn kì í wọ ibẹ̀ tààrà lówùúrọ̀, ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀. A na okùn, a fi ẹtù, sányán àti àlàárì kọ́ sórí rẹ̀, a fi bébà funfun kan há sáàárín wọn. A gbé fóònù méjèèjì sórí àpótí kan náà, a fi aṣọ rírọ̀ nu lẹ́ǹsì wọn. Mo ní kí akọ̀wé fúnra rẹ̀ yà á, kó má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Pro mode ni, níbi tí ènìyàn ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun gbogbo: ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ ga tó) 100, white balance (bó ṣe ń mọ ohun tó jẹ́ funfun lábẹ́ iná) 5500K, shutter (àkókò tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀) kan náà fún méjèèjì. Ó yà á ní JPEG, ìyẹn fọ́tò tí fóònù ti tún ṣe tán, ó tún fi RAW pamọ́, torí inú RAW ni a ti lè rí ohun tí sẹ́ńsọ̀ sọ kí fóònù tó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

Nǹkan kan wà tí àwọn ènìyàn kì í kíyè sí níbí. Wọ́n máa ń gbé fóònù méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n wo fọ́tò kọ̀ọ̀kan lórí sikirínì fóònù tó yà á. Sikirínì ni wọ́n ń fi wéra nígbà náà, kì í ṣe kámẹ́rà. Sikirínì S7 ní oríṣi bí a ṣe lè to àwọ̀ rẹ̀, Adaptive tó máa ń mú àwọ̀ le, àti Basic tó tutù; ti akọ̀wé wà lórí Adaptive, ti Alhaja wà lórí Basic, wọn ò sì mọ̀. Mo kó gbogbo fọ́tò sórí laptop mi, mo yí orúkọ wọn padà, mo ní kí wọ́n sọ fún mi èwo ló wá láti inú fóònù wo.

Akọ̀wé kàn ń méfò. Alhaja ló ṣòro láti tàn. Ó wo sányán, ó ní ọ̀kan náà ni. Ó wo àlàárì, ó ní ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò tó kí èèyàn máa sọ. Ó dé orí ẹtù, ó dákẹ́, ó súnmọ́ sikirínì títí imú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kàn án. "Èyí pọ́n." Ó nawọ́ sí èkejì. "Èyí ò pọ́n." Mo wo orúkọ. Èyí tó pọ́n ni ti S5K2L1, ti akọ̀wé. Pípọ́n náà kò pọ̀, bí ẹni pé ẹnìkan kán osùn ẹyọ kan sínú ìkòkò aró. Kò sí oníbàárà tó máa torí rẹ̀ dá aṣọ padà. Àmọ́ ó wà níbẹ̀, nínú RAW ó tún hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, sẹ́ńsọ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba ọwọ́ tó ní náà nìyẹn.

Elésè-àlùkò tí Ìbàdàn rí ńkọ́? A lọ sínú yàrá tí akọ̀wé ti ń ya ọjà. Ògiri yàrá náà jẹ́ àwọ̀ ewé, gílóòbù LED aláwọ̀ ẹyin (yẹ́lò) wà lókè, kọ́tìnì pupa wà lójú fèrèsé, tí ìmọ́lẹ̀ ìta ń gba inú rẹ̀ wọlé. Ká ní èmi ni kámẹ́rà, orí á fọ́ mi. Mo ní kó yà á bó ṣe máa ń yà á. Ó tẹ́ ẹtù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi kámẹ́rà sí Auto, níbi tí kámẹ́rà ti ń pinnu ohun gbogbo fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sún mọ́ aṣọ náà títí ẹtù fi kún ojú fóònù láti etí dé etí. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ahunṣọ hàn, fọ́nrán òwú kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́. Elésè-àlùkò.

Mo ní kí Alhaja fi tirẹ̀ yà á bí òun náà ṣe máa ń yà á. Alhaja ò bẹ̀rẹ̀, ó dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ rẹ̀ gbọọrọ bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe, bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun sì hàn yí aṣọ ká. Aró.

Lẹ́yìn náà mo pààrọ̀ fóònù lọ́wọ́ wọn. Akọ̀wé gba fóònù Alhaja, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sún mọ́ aṣọ, ó tẹ̀ ẹ́: elésè-àlùkò jáde láti inú Sony. Alhaja gba fóònù akọ̀wé, ó dúró lókèèrè, ó tẹ̀ ẹ́: aró jáde láti inú S5K2L1. Akọ̀wé wò mí, ó wo fóònù, ó tún un yà. Ó tún jẹ́ bákan náà.

Bí Auto ṣe ń ronú ló fà á. Kámẹ́rà gbà pé bí a bá da gbogbo àwọ̀ inú àwòrán pọ̀, ó yẹ kó sún mọ́ eérú, kó má dúdú jù, kó má funfun jù. Ìgbà púpọ̀ ni ìméfò yìí máa ń bọ́ sí i. Àmọ́ tí aṣọ aró bá kún gbogbo ojú rẹ̀, tí kò rí funfun kankan tó lè fi dá ara rẹ̀ lójú, á rò pé iná tó wà nínú yàrá ló jẹ́ búlúù, á da pupa àti ẹyin sí i láti tún un ṣe. Ó tún rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á mú àwòrán mọ́lẹ̀ sí i. Aró dúdú tí a da pupa sí, tí a tún mú mọ́lẹ̀, kí ló máa dà bí kò ṣe elésè-àlùkò? A gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹtù, akọ̀wé tún yà á ní Auto láti ìwọ̀nba okèèrè, ó padà di aró lórí fóònù méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ẹtù fúnra rẹ̀, ìdí tó fi jẹ́ òun nìkan ló pọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí Auto ò ti sí. Ẹtù tí a kọ́ sórí okùn, òwú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi èlú pa láró. Alhaja ṣì ní ẹni tó ń bá a rẹ irú rẹ̀. Èlú ní àṣírí kan. Ojú wa ń rí i ní búlúù tó ṣókùnkùn, àmọ́ ó ń ta ìtànṣán mìíràn padà, èyí tó kọjá pupa, tí ojú ènìyàn ò lè rí. Sẹ́ńsọ̀ lè rí i. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi máa ń fi àsẹ́ kan sáàárín lẹ́ǹsì àti sẹ́ńsọ̀ láti dí ìtànṣán yẹn lọ́nà. Àsẹ́ yìí kì í dí gbogbo rẹ̀ tán, ibi tí àsẹ́ kan ti ń gé e kì í sì í ṣe ibi tí èkejì ti ń gé e gan-an. Èyí tó bá yọ́ kọjá, pupa ni sẹ́ńsọ̀ máa kà á sí. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà láti ayé fíìmù. Àwọn ará Kodak ti ṣàlàyé ìdí tí àwọn òdòdó búlúù kan fi ń jáde bíi pupa rẹ́súrẹ́sú nínú fọ́tò. Orúkọ òdòdó kan, ageratum, ni wọ́n fi ń pe ìṣòro náà.

Mo ní kí wọ́n gbé rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wá. Iná tó wà lẹ́nu rìmóòtù jẹ́ irú ìtànṣán tí ojú ò rí yẹn. A pa iná yàrá, mo kọjú rẹ̀ sí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, mo tẹ bọ́tìnnì. Lójú fóònù Alhaja, ó tàn bàìbàì. Lójú ti akọ̀wé, ó tàn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Rìmóòtù kì í ṣe irin-iṣẹ́ ìwọ̀n, ìtànṣán rẹ̀ jìnnà sí pupa ju ibi tí ọ̀rọ̀ ẹtù wà lọ, àmọ́ ohun tó sọ bá ohun tí ojú Alhaja ti rí mu. Èyí tó wá dá a lójú gan-an ni ìgbà tí ó gbé ẹtù kejì jáde, èyí tí wọ́n fi òwú ilé-iṣẹ́ hun, tí aró rẹ̀ kì í ṣe ti èlú. Lójú lásán, ẹtù méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Lórí fóònù akọ̀wé, ti èlú pọ́n díẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ dúró bó ṣe wà. Alhaja rẹ́rìn-ín: "Fóònù yìí mọ aṣọ gidi ju àwọn oníbàárà mi lọ."

Lálẹ́, a tún dán an wò ní àgbàlá. Nẹ́pà ti mú iná, fìtílà oníbátìrì kan ṣoṣo ló ń tàn. ISO 800 lórí méjèèjì. Èèrún, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó máa ń hàn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò tó, tó wà nínú òkùnkùn fọ́tò méjèèjì ò rí bákan náà, ti Sony wẹ́ díẹ̀, ti Samsung ki díẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé èyí dára ju èyí lọ yóò kàn sọ èyí tó wù ú ni. Fóònù méjì péré nìyí o. Ẹnikẹ́ni ò lè torí wọn dá gbogbo S7 ayé lẹ́jọ́, torí fóònù méjì tó ní sẹ́ńsọ̀ kan náà pàápàá kì í dọ́gba délẹ̀délẹ̀.

Àmọ́ a rí ohun mìíràn lálẹ́ náà tí a ò wá. Nínú fọ́tò akọ̀wé, ìmọ́lẹ̀ fìtílà ta yọ́, ó da ìkùukùu funfun bo ìdá kan àwòrán. Ti Alhaja ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn fóònù náà láti ẹ̀gbẹ́. Gíláàsì tó bo kámẹ́rà kún fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, gọ̀ọ́mù sì ti gbẹ sí etí rẹ̀. Kì í ṣe gíláàsì tó bá fóònù wá. Ẹnìkan ti pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó rọrùn láti ha, tí kò sì ní ohun tí wọ́n máa ń fi kùn ún kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa ta padà lára rẹ̀. Ìkùukùu bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí dúdú di eérú, àwọ̀ á ṣì, ẹni tó ń wò ó á sì sọ pé "sẹ́ńsọ̀ yìí ò dáa". Bí mo bá ní kí n sọ èyí tó bá àwòrán tòkunbọ̀ jẹ́ jù nínú gbogbo èyí tí mo ti rí, gíláàsì ni màá sọ, sẹ́ńsọ̀ jìnnà sí i.

A lọ sí Challenge lówùúrọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oníṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ búra pé kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín S7 àti S7. Mo fi IMX260 hàn án, mo fi S5K2L1 hàn án. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ìyẹn náà ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ní, "Alhaja, mo fi Ọlọ́run búra, bí wọ́n ṣe gbé e dé ni mo ṣe tà á." Mo gbà á gbọ́. Mo sọ fún un pé ti sẹ́ńsọ̀ ò sí lára ẹjọ́ rẹ̀, àwọn tó ṣe fóònù ló mọ ìdí, kò sì sí ẹni tó lè torí rẹ̀ dá ọjà padà fún un. Mo sọ fún akọ̀wé níwájú rẹ̀ pé owó aṣọ Ìbàdàn kì í ṣe gbèsè oníṣọ́ọ̀bù. Kò dùn mọ́ ọn nínú, àmọ́ ó ti rí elésè-àlùkò tó jáde láti inú Sony, kò ní ohun tó máa sọ.

Mo wá gbé gíláàsì sí i lójú. Nígbà tí wọ́n ń rà á, ó ti sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí fóònù méjèèjì rí. Ó gbé e sínú iná, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó kanra. "Ẹ̀yin náà, tòkunbọ̀ lẹ rà, ẹ fẹ́ kó dà bí tinú páálí." Alhaja ò pariwo. Ó ní, "Alfa, ohun tí o sọ ni mo rà." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú òkú S7 kan jáde, ìyẹn tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jó, ó yọ gíláàsì ojúlówó ara rẹ̀, ó sì fi rọ́pò ti akọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́. A tún fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó kúrò níbẹ̀. Ìkùukùu ti lọ.

Ti Ìbàdàn ni kò rọrùn. Alhaja pe oníbàárà, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní ọmọ ló yà á láìmọ̀ pé iná yàrá ń tan òun jẹ. Obìnrin náà ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n gèlè ti wà nílẹ̀. Wọ́n fẹnu kò sí i pé kó dá ẹtù padà, kó fi owó rẹ̀ mú aṣọ elésè-àlùkò gidi láti inú òwú ilé-iṣẹ́. Owó mọ́tò lọ-bọ̀ já lé Alhaja lọ́rùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni akọ̀wé ti ya aṣọ tuntun náà, bébà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ní kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document. Bí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é, àwòrán S7 tó jẹ́ 4032 sí 3024 máa ń dín kù sí nǹkan bí 1600 sí 1200, fọ́nrán òwú tí ọmọ náà torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ á sì para pọ̀, kò ní hàn mọ́. Ìyẹn kì í yí àwọ̀ padà, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí ahunṣọ dà bí ọ̀lẹ.

Wọn ò dá fóònù kankan padà. Akọ̀wé yọ kọ́tìnì pupa kúrò lójú fèrèsé yàrá, ó sì fi gílóòbù funfun rọ́pò aláwọ̀ ẹyin. Bó bá jẹ́ ẹtù aláró èlú ni wọ́n fẹ́ yà, fóònù Alhaja ni wọ́n ń lò, Pro mode, 5500K, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí oòrùn tó yí. Bó bá jẹ́ aṣọ mìíràn, èyí tó bá wà nítòsí tí bátìrì rẹ̀ kò tíì kú ni wọ́n ń gbé.